Yàrá Tó Ṣókùnkùn Lọ́sàn-án: Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Ìmọ́lẹ̀ Oòrùn Wọlé Láìjẹ́ Kí Òjò Bá A Wọlé

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá ṣáá: "Oòrùn ń ràn yòò níta, síbẹ̀ iná la máa ń tàn lọ́sàn-án gangan ká tó ríran nínú yàrá. Ṣé ká kúkú lu òrùlé ni?"

Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ọ̀pọ̀ yàrá ló máa mọ́lẹ̀ láìfọwọ́ kan òrùlé, èyí tó sì nílò fèrèsé òrùlé lóòótọ́, kékeré ló máa ń tó o. Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣòro ó mú wọlé. Omi àti ooru tó máa ń tẹ̀ lé e ni kì í jẹ́ kí onílé sinmi. Torí ẹ̀ ni màá ṣe pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ omi ju ohun yòókù lọ.

## Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó fa òkùnkùn

Ẹ fi odindi ọjọ́ kan wo yàrá náà láìtan iná.

1. Ẹ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án gangan, àti nírọ̀lẹ́. Ẹ kọ ibi tí oòrùn ń ta sí àti ibi tí kò dé rárá sílẹ̀.
2. Ẹ jókòó síbi tí ẹ ti máa ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wo ojú fèrèsé. Bí ẹ kò bá rí ojú ọ̀run rárá láti ibẹ̀, tó jẹ́ ògiri ilé kejì tàbí ewé igi nìkan lẹ̀ ń rí, fèrèsé yẹn kò lè tan ìmọ́lẹ̀ tó sí ibẹ̀ láé.
3. Ẹ wọn gíga fèrèsé láti ilẹ̀ dé etí òkè rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wúlò kì í sábà wọnú yàrá ju ìlọ́po 2 sí 2.5 gíga yẹn lọ. Bí etí òkè fèrèsé bá wà ní mítà 2.1, ìmọ́lẹ̀ á ti rẹ̀ bó bá fi máa kọjá mítà 4 sí 5. Yàrá tó jìn ní mítà 7, ìdí rẹ̀ á ṣókùnkùn, ó dájú.
4. Bí fóònù yín bá ní ohun èlò tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ẹ gbé e lé orí tábìlì. Kò péye gan-an, ṣùgbọ́n ó dára láti fi igun yàrá kan wé òmíràn. Lux ni wọ́n fi ń ka bí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sójú ibì kan ṣe pọ̀ tó. Tábìlì ìkàwé nílò bíi 500 lux. 100 lux tó fún ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Níta, ojú ọjọ́ tí ìkùukùu bò ṣì lè fúnni ní bíi 10,000 lux, oòrùn gangan sì lè dé 100,000. Ìmọ́lẹ̀ kò wọ́n níta rárá. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ la ń wá ọ̀nà àtiwọlé fún.

## Àtúnṣe tí kò gba ihò

Àjà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà funfun tí kì í dán máa ń dá nǹkan bíi 80% ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á padà sínú yàrá. Àwọ̀ dúdú kì í dá tó 20% padà. Ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ tó gba ojú fèrèsé wọlé lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì lè kú mọ́ ara ògiri lójú ẹsẹ̀. Bí owó bá mọ níwọ̀n, ọ̀dà àjà ni mo máa fi rà kí n tó ronú kan ohunkóhun mìíràn. Ẹ má ra èyí tó ń dán, torí ó máa ń kọ mànà síni lójú.

Lẹ́yìn ìyẹn:

- Ẹ fọ gíláàsì àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Eruku tó jókòó sínú nẹ́ẹ̀tì ń jẹ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀.
- Ẹ gé ẹ̀ka igi tó dí fèrèsé, ṣùgbọ́n ẹ fi èyí tó ń ṣíji bo ògiri ìwọ̀-oòrùn sílẹ̀. Òun ló ń gba ooru ìrọ̀lẹ́ fún yín.
- Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá kọ́tìnì gùn kọjá fèrèsé lọ́tùn-ún lósì, kí aṣọ lè kóra jọ sára ògiri, kó má kóra jọ sójú gíláàsì.
- Ẹ gbé kọ́bọ́ọ̀dù gíga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.
- Ẹ fi díńgí ńlá sára ògiri tó fẹ̀gbẹ́ kan fèrèsé. Bí ẹ bá gbé e sí kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn, òkùnkùn ni díńgí náà máa fi hàn yín.
- Fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín ilé, ẹ fi gíláàsì sí òkè ilẹ̀kùn yàrá, kí ìmọ́lẹ̀ yàrá lè kọjá sí i.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tán tí ibẹ̀ kò tíì mọ́lẹ̀ tó, ó di ọ̀rọ̀ òrùlé nìyẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín ilé, balùwẹ̀ tí kò ní ògiri ìta, orí àtẹ̀gùn, àti yàrá tí ilé mìíràn fún mọ́ ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

## Bí ihò ṣe máa tóbi tó àti ibi tó máa wà

Ihò tó tóbi jù ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Nígbà tí ìkùukùu bá bo ojú ọjọ́, ojú ọ̀run tó wà lókè orí wa tààrà lè mọ́lẹ̀ tó ìlọ́po 3 ti etí ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí gíláàsì òrùlé kékeré fi ń ṣe iṣẹ́ fèrèsé ògiri ńlá. Ìmọ̀ràn tí iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ń fún àwọn onílé ni pé: yàrá tó ti ní fèrèsé púpọ̀, kí gíláàsì òrùlé rẹ̀ má kọjá 5% ìwọ̀n ilẹ̀ yàrá, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kò tó nǹkan, kó má kọjá 15%.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Yàrá tó jẹ́ mítà 4 níbùú, mítà 5 lóròó, ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 20. Ìdá 5% rẹ̀ jẹ́ gíláàsì mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Ìdá 15% jẹ́ mẹ́ta irú rẹ̀. Níbi tí oòrùn bá ti ń mú gan-an, ẹ dúró lórí 5% tàbí kí ẹ má tilẹ̀ dé ibẹ̀. Kékeré méjì tó jìnnà síra sì dára ju ńlá kan lọ, torí ìmọ́lẹ̀ á tàn káàkiri dípò kó kóra jọ sójú kan.

Ojú tí òrùlé kọ náà ṣe pàtàkì:

- Bí ilé bá jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé lápá àríwá, apá òrùlé tó kọjú sí àríwá ló ń fúnni ní ìmọ́lẹ̀ tútù tí kì í yí padà púpọ̀. Lápá gúúsù ayé, apá tó kọjú sí gúúsù ni.
- Èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn ń gba oòrùn àárọ̀, ó sì rọ̀ lára.
- Èyí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ń kó ooru ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ wọlé. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ níbi tó bá ti ń gbóná.
- Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, orí òrùlé ni oòrùn ọ̀sán máa ń dúró sí. Níbẹ̀, fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga sókè ògiri, lábẹ́ etí òrùlé, sábà máa ń sàn ju èyí tó wà lórí òrùlé fúnra rẹ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé, etí òrùlé á sì dí oòrùn.

Ẹ má fi fèrèsé òrùlé sí òkè ibùsùn tàbí òkè tábìlì kọ̀ǹpútà.

## Irú wo ló bá yín mu?

Èyí tí kì í ṣí. Kì í fi bẹ́ẹ̀ jò, kò sì wọ́n tó èyí tó ń ṣí. Ó dára fún orí àtẹ̀gùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Èyí tó ń ṣí. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gòkè, ó sì ń gba ibẹ̀ jáde, nítorí náà ó bá ilé ìdáná àti balùwẹ̀ mu. Ó gba nẹ́ẹ̀tì, ó sì gba ẹni tó máa tì í kí òjò tó dé.

Páìpù ìmọ́lẹ̀. Ìdérí ike roboto máa ń wà lórí òrùlé, páìpù tí inú rẹ̀ ń dán bíi díńgí máa ń gba inú àjà kọjá, gíláàsì roboto á sì tan ìmọ́lẹ̀ náà sínú yàrá. Èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí 35 ló wọ́pọ̀. Kì í sábà béèrè pé kí ẹ gé igi òrùlé, ooru tó ń gbé wọlé kò sì pọ̀. Bó bá jẹ́ balùwẹ̀ tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí, èyí ni mo fara mọ́. Ẹ jẹ́ kó kúrú, kó sì tọ́. Gbogbo ibi tó bá ti tẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń ṣòfò.

Páànù ike tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Màá sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ nísàlẹ̀.

Ní ti gíláàsì, ohun kan kò gba àdéhùn: èyí tó kọjú sí àwọn èèyàn inú ilé gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí àwọn tó ń tà á ń pè ní laminated, ìyẹn gíláàsì méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ mọ́ ike tín-ín-rín kan láàárín. Bó bá fọ́, àfọ́kù rẹ̀ á ṣì lẹ̀ mọ́ ike náà lókè. Èyí tí wọ́n ń pè ní tempered máa ń fọ́ wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ a sì dà sílẹ̀. Ẹ lè fi í sí ojú ìta, ẹ má fi í sí ojú inú.

## Bí iṣẹ́ náà ṣe ń tẹ̀ léra

Káfíńtà òrùlé tó mọṣẹ́ ló yẹ kó ṣe é. Síbẹ̀, ẹ mọ bí ó ṣe yẹ kó lọ, kí ẹ lè dúró tì í.

1. Ẹ yẹ inú àjà wò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wá wáyà iná, páìpù omi àti táńkì. Ẹ wọn àyè tó wà láàárín igi òrùlé méjì. Bó bá ṣeé ṣe, fèrèsé tó lè wọ àárín igi méjì láìgé ìkankan ni kí ẹ rà.
2. Ẹ mọ irú páànù tó wà lórí. Bó bá jẹ́ páànù àtijọ́ tí wọ́n fi asbestos ṣe, ẹ má gé e, ẹ má lu ú. Eruku rẹ̀ máa ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn tó gbàṣẹ láti kó o kúrò ni kí ẹ pè.
3. Bí igi bá pọn dandan láti gé. Òrùlé tí wọ́n kan igi rẹ̀ mọ́ra ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ má gé ẹyọ kan níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnjiníà ti wò ó. Gbogbo igi yẹn ló ń ran ara wọn lọ́wọ́ gbé ẹrù. Bó bá jẹ́ igi lásán tó na láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á fi igi méjì tí wọ́n kàn pọ̀ dábùú òkè ihò, méjì dábùú ìsàlẹ̀, wọ́n á sì fi kún igi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.
4. Ẹ sàmì láti inú. Ẹ kan ìṣó mẹ́rin gba igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde sókè. Lórí òrùlé, orí ìṣó yẹn lẹ máa fi mọ ibi tí ẹ máa gé.
5. Ẹ dúró de ọjọ́ tí kò ní òjò tàbí atẹ́gùn líle. Kí tapólì wà nítòsí, èyí tó lè bo gbogbo ihò náà ní ìṣẹ́jú díẹ̀.
6. Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, ẹ fi àjà sílẹ̀. Ẹ má gé àjà àfi ìgbà tí òkè bá ti dí tí omi kò lè wọlé mọ́. Bí òjò bá dé lójijì, àjà ṣì máa dáàbò bo yàrá.
7. Ẹ gbé férémù sókè. Lórí òrùlé pẹrẹsẹ, kí férémù ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí ojú òrùlé, kí omi tó bá dúró má lè gun un. Lórí òrùlé tó dagun, ẹ ka ìwé tó bá fèrèsé wá. Ọ̀pọ̀ wọn ló béèrè pé kí òrùlé dagun tó nǹkan bíi dígírì 15.
8. Ẹ fi aṣọ adẹ́nà-omi yí férémù ká, kó gun ara férémù sókè láti gbogbo ẹ̀gbẹ́.
9. Ẹ fi páànù etí dí i, ìyẹn páànù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ láti bo ibi tí férémù ti pàdé òrùlé. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi sí, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òkè ló ń kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìgbésẹ̀ kẹsàn-án, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ó yẹ kí páànù etí wọn jọ ìpẹ́ ẹja: èyí tó wà lókè máa gorí èyí tó wà nísàlẹ̀, kí omi tó bá ń ṣàn bọ̀ má lè rí etí kankan tó kọjú sí i. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ti òkè sí, tí wọ́n wá ki ti ẹ̀gbẹ́ bọ abẹ́ ibi tí kò yẹ, omi á rọra máa gba ibẹ̀ wọlé, ó sì lè pẹ́ kí ẹ tó mọ̀. Ẹ wo igun òkè méjèèjì fúnra yín. Ẹ̀yìn òkè fèrèsé ni ewé ń kóra jọ sí, tí omi ń dá adágún. Bí fèrèsé bá fẹ̀, kí oníṣẹ́ ṣe òkè kékeré onígun mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀ tó máa pín omi sọ́tùn-ún àti sósì.

Bí ẹ bá rí i tí ẹnikẹ́ni ń fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù nìkan dí etí ihò, láìsí páànù etí, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Oòrùn á gbẹ gọ́ọ̀mù, á là, òjò á sì rí ọ̀nà. Olùrànlọ́wọ́ ni gọ́ọ̀mù jẹ́ níbẹ̀. Páànù etí ló ń lé omi.

10. Ẹ fi omi dán an wò. Kí ẹnì kan wà nínú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kí ẹnì kejì fi rọ́bà omi da omi sí ìsàlẹ̀ fèrèsé fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kó fi òkè parí rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi á ṣàn bo gbogbo rẹ̀, ẹ kò sì ní mọ ibi tó ń jò gan-an.
11. Ẹ wá gé àjà. Ẹ jẹ́ kí ihò àjà fẹ̀ ju ti òrùlé lọ, kí ògiri àárín wọn máa gbòòrò bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á tàn káàkiri dípò kó rọ̀ sójú kan. Ẹ fi fóòmù adẹ́nà-ooru sẹ́yìn ògiri náà, kí ẹ sì kun inú rẹ̀ ní funfun tí kì í dán.

## Bó bá jẹ́ páànù ike lẹ fẹ́ lò

Fún ibi ìkẹ́rùsí, ibi iṣẹ́, tàbí abẹ́ òrùlé tí kò ní àjà, kí wọ́n yọ páànù kan kí wọ́n sì fi ti ike rọ́pò rẹ̀ ló rọrùn jù. Polycarbonate pẹ́ ju ike lásán lọ, ṣùgbọ́n ó ní àwọn òfin tirẹ̀:

- Ojú kan ni wọ́n sábà máa ń fi nǹkan tó ń dènà ìtànṣán oòrùn kùn, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára ọ̀rá tó bò ó. Ojú yẹn ló gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀, á pọ́n, á sì máa kán.
- Ooru máa ń mú kó gùn sí i. Páànù mítà 3, bí ooru rẹ̀ bá yí padà ní dígírì 40, máa sún ní nǹkan bíi mìlímítà 8. Nítorí náà, kí ihò sikúrù fẹ̀ ju sikúrù lọ, ẹ má sì fún un pinpin.
- Èyí tó ní ihò gbọọrọ nínú, kí ihò náà dojú kọ ìsàlẹ̀ òrùlé, má ṣe gbé e dábùú. Ẹ fi téèpù dí etí òkè pátápátá. Téèpù tó ń mí ni kí ẹ lò ní ìsàlẹ̀, kí omi inú rẹ̀ lè jáde.
- Gọ́ọ̀mù tó ń rùn bí ọtí kíkan máa ń ba polycarbonate jẹ́. Ẹ béèrè èyí tí kò ní ásíìdì.

## Ẹ má tẹ̀ ẹ́

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi èyí sọ́kàn. Páànù ike tó ti gbó, tí eruku sì bò, kì í yàtọ̀ sí páànù yòókù lójú ẹni tó wà lórí òrùlé. Àwọn èèyàn ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń já bọ́, wọ́n sì ń kú. Òfin ààbò iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Amẹ́ríkà ka fèrèsé òrùlé sí ihò: wọ́n gbọ́dọ̀ dáàbò bo òṣìṣẹ́ bí ibi tó lè já sí bá jìn ju mítà 1.8 lọ.

- Ẹ fi àwọ̀ tó hàn yàtọ̀ yí etí rẹ̀ ká.
- Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àwọ̀n irin tó lágbára sábẹ́ rẹ̀ tàbí sórí rẹ̀.
- Ẹnikẹ́ni tó bá gun òkè, orí pákó tó dábùú igi òrùlé ni kó máa rìn, kó sì so ara rẹ̀ mọ́ okùn ààbò.
- Ẹ sọ ibi tó wà fún gbogbo oníṣẹ́ tó bá fẹ́ gun òrùlé, títí kan ẹni tó kàn fẹ́ tún ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n ṣe.

## Ó ń jò ni, àbí ó ń làágùn?

Ọ̀pọ̀ ló ti tú iṣẹ́ tó dára palẹ̀ torí pé wọn kò mọ ìyàtọ̀.

Omi yọ ní kùtùkùtù láìsí òjò, ó sì bo gbogbo ojú gíláàsì nínú: gíláàsì ń làágùn ni. Afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin inú ilé ló pàdé gíláàsì tútù. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa jáde, ní pàtàkì láti balùwẹ̀ àti ilé ìdáná. Gíláàsì alápá méjì, tí àyè wà láàárín rẹ̀, náà máa ń ràn án lọ́wọ́.

Ìkùukùu wà láàárín gíláàsì méjèèjì tí ẹ kò sì lè nù ún: ìdè etí gíláàsì ló ti já. Gíláàsì ni kí wọ́n pààrọ̀. Páànù etí kò jẹ̀bi.

Àbàwọ́n yọ lára àjà lẹ́yìn òjò: jíjò ni. Ẹ má rò pé òkè àbàwọ́n gan-an ló ti ń jò. Omi lè bá igi rìn jìnnà kó tó kán. Ẹ tún ìdánwò omi ṣe láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

## Bí ẹ kò bá lè lu òrùlé

Ẹni tó ń gbé ilé àyágbé, tàbí tí àjà mìíràn wà lókè rẹ̀, ọ̀dà, díńgí àti gíláàsì òkè ilẹ̀kùn ni kó fara mọ́. Fún abẹ́ páànù lásán tí kò ní àjà, ọ̀nà kan wà tí mẹkáníìkì ará Bràsíl kan, Alfredo Moser, gbé jáde ní 2002: ìgò ike lítà 2 tí omi tó mọ́ kún inú rẹ̀, pẹ̀lú bílíìṣì díẹ̀ kí omi má bàa hu èéhù. Wọ́n ń ki ìgò náà bọ inú ihò páànù, ìdajì sókè, ìdajì sínú, wọ́n á sì dí etí rẹ̀. Nínú oòrùn gangan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń sún mọ́ ti gílóòbù iná 40 sí 60 wáàtì.

## Kí ẹ tó sanwó fún oníṣẹ́, ẹ yẹ èyí wò

- Ṣé gíláàsì inú jẹ́ alápapọ̀ tí kì í dà sílẹ̀ bó bá fọ́?
- Ṣé páànù etí ti òkè gorí ti ẹ̀gbẹ́, ti ẹ̀gbẹ́ gorí ti ìsàlẹ̀?
- Ṣé ẹ rí ìdánwò omi pẹ̀lú ojú ara yín?
- Ṣé kò sí igi òrùlé tí wọ́n gé tí wọn kò fi igi mìíràn ràn lọ́wọ́?
- Ṣé fóòmù wà lẹ́yìn ògiri ihò àjà?

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gun òkè lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣáájú ìgbà òjò: kí wọ́n kó ewé kúrò lẹ́yìn fèrèsé, kí wọ́n wo gọ́ọ̀mù tó bá ti là, kí wọ́n sì fi aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ tí kò le fọ ojú rẹ̀. Kànrìnkàn irin kò gbọ́dọ̀ kan polycarbonate, torí ibi tó bá ti ha kì í padà mọ́.